Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí n máa fi póká jẹun?

"Àsàlámù àlékù, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Tanke ni mò ń gbé nílùú Ìlọrin. Mo níyàwó, mo bímọ méjì. Ọdún kẹsàn-án mi nìyí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tó ń kù sí mi lọ́wọ́ lóṣù jẹ́ 160,000 náírà. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta póká, eré káàdì olówó, lórí fóònù, tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà, blind (owó dandan tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀) sẹ́ǹtì 5 àti 10. Mo ti jèrè dọ́là 810. Tí mo bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó oṣù mi lọ dáadáa. Mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó parí, kí n fi owó pẹ́ńṣàn mi ṣe ojú owó. Ìyàwó mi ní tẹ́tẹ́ ni mò ń ta, èmi ní ọgbọ́n orí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú wa?"

Wàálékumusálámù, àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó rẹ ń wò, ọdún gbọọrọ ni ìwọ ń wò. Ẹni tó bá jókòó ti ọpọ́n ayò mọ̀ pé gbogbo ọmọ ayò ló wà níta gbangba. Ọ̀ta ayò yóò lu òpè lónìí, yóò sì tún lù ú lọ́la. Káàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ní ace méjì lọ́wọ́, tí ẹnìkejì ní king méjì, tí ẹ kó gbogbo owó yín sí àárín kí káàdì orí tábìlì tó ṣí, ìgbà 82 nínú 100 ni wàá jẹ. Ìgbà 18 tó kù, ẹni tí kò tọ́ sí ni yóò kó owó lọ, ìwọ ò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ọgbọ́n wà nínú póká lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè yọjú. Ó máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọwọ́ (ọwọ́ kan ni pínpín káàdì lẹ́ẹ̀kan títí ẹnì kan fi kó owó àárín) kó tó hàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó.

Wo àkọsílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ dáadáa. O ti ta ọwọ́ 32,000 lórí tábìlì. Èrè tí o rí níbẹ̀ jẹ́ dọ́là 190. Dọ́là 620 tó kù, inú ìdíje ló ti wá, ìdíje kan ṣoṣo lálẹ́ Sunday kan ló sì mú gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn ìdíje yòókù tí o wọ̀, bí wọ́n ṣe ń mú díẹ̀ wá ni wọ́n ń gbé e lọ. Ká fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan: 810 jẹ́ 1,215,000 náírà, tí a bá pín in sí oṣù márùn-ún, 243,000 lóṣù. Èyí lo rí tí o fi ní ó ju owó oṣù rẹ lọ. Yọ alẹ́ Sunday kan yẹn kúrò, dọ́là 38 ló kù lóṣù, 57,000 náírà. Owó kan náà nìyẹn o, ojú tí a fi wò ó ló yàtọ̀. Nínú ìdíje ńlá, bí ẹni 15 nínú 100 ni wọ́n ń sanwó fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju owó ìwọlé wọn lọ. Ipò àkọ́kọ́ sí ìkẹta ni owó tó nípọn wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa lè wọ ọgọ́rùn-ún méjì ìdíje kó má dé ibẹ̀ rárá. Ìtàn tó gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni ti Chris Moneymaker, oníṣirò owó ará Amẹ́ríkà tó fi dọ́là 86 wọ ìdíje kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2003, tó fi ìyẹn gba àyè nínú ìdíje àgbáyé tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là, tó sì gbé mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lọ sílé. Òótọ́ ni ìtàn náà. Àwọn 839 ló jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ìtàn àwọn 838 yòókù fún ọ̀dọ́ kankan.

Ó kù 190. Sẹ́ǹtì 10 ni big blind rẹ, ìyẹn èyí tó tóbi nínú blind méjèèjì, nítorí náà 190 dọ́là jẹ́ 1,900 big blind lórí ọwọ́ 32,000, ìyẹn big blind 5.9 nínú ọwọ́ 100. Bó bá jẹ́ ojúlówó ni, èrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà, àbájáde ọwọ́ 100 máa ń fò sókè sódò, bíi 90 big blind sápá ọ̀tún, 90 sápá òsì, láìka bí ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n ta sí. Tí a bá fi ìyẹn ṣírò ọwọ́ 32,000, ohun tí a lè sọ nípa agbára rẹ gan-an ni pé ó wà níbì kan láàárín kí o máa pàdánù 4 nínú ọwọ́ 100 àti kí o máa jẹ 16. Ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ olówó ọ̀la ló kọ̀wé sí mi, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń pàdánù tí orí ṣì ń bá gbé e. Àkọsílẹ̀ yìí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, èmi náà kò lè yà wọ́n, nítorí nọ́ńbà nìkan ni mo rí, n kò rí bí o ṣe ń ta káàdì rẹ. Tí o bá dé ọwọ́ 100,000, tí 5.9 yẹn ṣì dúró, ìgbà yẹn ni ìsàlẹ̀ ìṣirò náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá òdo. Bí o ṣe ń ta á báyìí, ọwọ́ 6,400 lóṣù, ó ṣì ku oṣù mọ́kànlá kí o tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wákàtí náà ń bẹ, kò sì sí nínú lẹ́tà rẹ rárá. Tábìlì kan lórí fóònù kì í ju ọwọ́ 75 lọ ní wákàtí kan. Ọwọ́ 6,400 lóṣù á gba nǹkan bíi wákàtí 85. Dọ́là 38 fún wákàtí 85 jẹ́ sẹ́ǹtì 45 fún wákàtí kan, 670 náírà. Iṣẹ́ rẹ, tí a bá ka wákàtí 160 lóṣù, ń fún ọ ní 1,000 náírà fún wákàtí kan, yálà káàdì dára tàbí kò dára.

Ìwọ á sọ pé tí o bá fiṣẹ́ sílẹ̀, wàá ráyè ta púpọ̀ sí i. Àsìkò wo? Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í bi ara wọn. Ibi tí owó ti ń wá nínú póká ni ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta: òṣìṣẹ́ tó darí délé, tó mu ọtí díẹ̀, tó fẹ́ fi 20 dọ́là ṣeré kó tó sùn. Ìlà-oòrùn Yúróòpù, Jámánì, Sípéènì, aago wọn àti tiwa kò jìnnà síra, nítorí náà aago méje alẹ́ sí ọ̀gànjọ́ ni irú wọn máa ń kún ibẹ̀, àti òpin ọ̀sẹ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, àwọn tó ń fi í jẹun ló kù lórí tábìlì, wọ́n ń wo ara wọn lójú, oníbùdó, ẹni tó ni ibùdó póká orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, sì ń yọ réèkì tirẹ̀ lọ. Àsìkò tó lérè jù nínú póká ni o ti ń ta á yìí, lẹ́yìn iṣẹ́. Aago mẹ́jọ sí mẹ́rin tí wàá rà padà lọ́wọ́ ìjọba ni àsìkò tó burú jù nínú ọjọ́.

Mo dárúkọ réèkì. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ohun ló ń pa tábìlì kékeré. Oníbùdó máa ń yọ nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 owó àárín kó tó fún ẹni tó jẹ. Ní ìpele tí o wà, èyí lè gbé 5 sí 10 big blind lọ lọ́wọ́ rẹ nínú ọwọ́ 100 kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan tó mú 5 lọ sílé, ó ti kọ́kọ́ gba 10 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Bí o bá sì gòkè lọ sí ìpele tí réèkì ti fúyẹ́, àwọn tí wàá bá níbẹ̀ ti lọ kàwé wá. Ní 2017, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Libratus, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Carnegie Mellon, lu ògbóǹtarìgì mẹ́rin nínú póká ẹlẹ́ni méjì. Ní 2019, ẹ̀rọ mìíràn, Pluribus, lu àwọn ògbóǹtarìgì nínú tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè rà, àwọn ọmọ ogún ọdún sì ń fi í kẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Ohun tó ń fún ọ lérè lọ́dún yìí lè má fún ọ lérè lọ́dún mẹ́ta òní. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni ń tutù níbẹ̀ bí kò bá kàwé ni.

Ká tilẹ̀ gbà pé o mọ̀ ọ́n ta, pé o ti gòkè dé tábìlì sẹ́ǹtì 10 àti 25, o sì ń jẹ 4 big blind nínú ọwọ́ 100. Dọ́là kan nìyẹn fún ọwọ́ 100. Kí o tó rí dọ́là 200 lóṣù, 300,000 náírà, o ní láti ta ọwọ́ 20,000. Fóònù kò lè gbé e. Tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, ọwọ́ 300 ní wákàtí kan, wákàtí 67 lóṣù láì ka wákàtí ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tí o bá ta ọwọ́ 20,000 lóṣooṣù pẹ̀lú agbára yẹn gan-an, bí oṣù kan nínú mẹ́rin ni wàá parí pẹ̀lú àdánù. Kì í ṣe èrè kékeré ni mo wí o, àdánù ni. Oṣù méjì irú ẹ̀ lè tẹ̀ léra, kí iléèwé ọmọ àti owó ilé sì bọ́ sáàárín wọn. Onílé Tanke kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọwọ́ 20,000.

Èyí gbé wa dé ojú owó. Owó tí o fi ń jókòó sí tábìlì kan, 100 big blind, la ó pè ní owó ìjókòó. Ẹni tó ní owó oṣù lè fi 30 owó ìjókòó ta á. Ẹni tó ń yọ oúnjẹ nínú rẹ̀ nílò 50 sí 100, nítorí gbogbo ìgbà tó bá yọ owó ló ń gé ẹsẹ̀ tábìlì tó jókòó lé. Fún ìdíje, 100 kò pọ̀, 200 ló dára. Yàtọ̀ sí èyí, kí oúnjẹ ọdún kan wà níbòmíràn tí ọwọ́ póká kò lè tó o: 160,000 lọ́nà 12 jẹ́ 1,920,000 náírà.

O ní pẹ́ńṣàn ni wàá fi ṣe é. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ọmọ 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, ìdá 25 nínú 100 ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbà kọjá. Bí 2,000,000 bá wà níbẹ̀, 500,000 nìyẹn, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin láì sówó oṣù. Ìyókù dúró dè ọ́. Láti ọjọ́ tí o bá lọ ni ìdá 10 tí ìjọba ń fi kún ìdá 8 tìrẹ ti dáwọ́ dúró. Ètò ìlera òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó gba ìyàwó rẹ àti ọmọ mọ́ra náà á lọ. O kò sọ bóyá o jẹ kọ́párétíìfù ní gbèsè. Bí o bá jẹ, ìyọkúrò láti orí owó oṣù ni wọ́n fi ń gba owó wọn. Ní ọjọ́ tí owó oṣù bá dá, ọrùn àwọn onídùúró rẹ ni wọ́n máa dì mọ́. Má ṣe fi owó àjọ tàbí ẹ̀yáwó kankan jókòó sí tábìlì, ó kéré tán nítorí pé ẹni tó ń fi gbèsè ta káàdì kì í lè jù ú nù.

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí o dúró lé lórí díẹ̀. Ìdá tó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n póká ni jíju káàdì nù: ní tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta máa ń ju bíi 75 nínú 100 nù láì fowó sí i. Ó nílò sùúrù, sùúrù náà sì nílò ibi tó jókòó lé. Owó oṣù rẹ ló ń jẹ́ kí o lè wo ọwọ́ kan kí o ní "kò kàn mí". Nígbà tí owó gáàsì bá so mọ́ ọwọ́ náà, ẹ̀rù á jẹ́ kí o sá nígbà tó yẹ kí o dúró, ìbínú á jẹ́ kí o dúró nígbà tó yẹ kí o sá. Púpọ̀ nínú àwọn tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kò gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ni wọ́n ta.

Ti iná àti ti owó jíjáde kò gùn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín ọwọ́, ẹ̀rọ á ka àkókò rẹ tán, á ju káàdì rẹ nù, owó tí o ti fi sí àárín ti lọ. Ní síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àti router kì í ju wáàtì 70 lọ. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 560, bátìrì lithium 12V 100Ah kan gbé e láì mí. Owó tó wà lórí ibùdó kò tíì di tìrẹ: ní ọjọ́ 15 oṣù April 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ibùdó póká mẹ́ta tó tóbi jù níbẹ̀, Full Tilt sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tó ní owó ní Full Tilt tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà dúró títí di òpin 2012 kí wọ́n tó rí tiwọn gbà, àwọn ará Amẹ́ríkà sì dúró di 2014. Àwọn kílọ́ọ̀bù orí fóònù tí aṣojú ń kó owó wọn lórí WhatsApp burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aṣojú bá pa fóònù, ó parí. Tí o bá ń ta USDT, ìyẹn dọ́là orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún àjèjì, owó tó fi ránṣẹ́ sí ọ lè jẹ́ owó tí wọ́n jí, báńkì á sì dí àpò tí owó iléèwé ọmọ rẹ wà. Owó orí náà di ọwọ́ rẹ: ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ kéde ohun tó wọlé fún KW-IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Kwara, kí oṣù March tó parí lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, Ìlọrin la wà, n kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Súrátùl Máídà, áyà 90, ka maysir, ìyẹn tẹ́tẹ́, pọ̀ mọ́ ọtí. Pé póká ní ọgbọ́n nínú jẹ́ àríyànjiyàn tí àwọn agbẹjọ́rò ń jà ní ilé-ẹjọ́ òkè òkun. Kò yanjú ti àlùfáà, nítorí owó tí ẹni méjì fi lélẹ̀ kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń wò. Iṣẹ́ mi kọ́ ni láti dá a. Ṣùgbọ́n bi àlùfáà tí o gbà gbọ́ kí o tó kọ̀wé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì ṣàlàyé eré náà fún un bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi kì í ta póká dáadáa, ìyàwó rẹ náà kò sì ní lè dáhùn nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá bi í léèrè pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ. Láti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí: n kò lè gbà ọ́ níyànjú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí mo rí. Láti pa á tì pátápátá: ó tọ́ bí o bá ti ń yáwó ta á, tí o ń fi àdánù pamọ́ fún ìyàwó rẹ, tàbí tí o ń lé owó tó lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, bí èyíkéyìí nínú wọn bá ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ìṣirò òkè yìí kò wúlò fún ọ. Ọ̀nà kẹta ni kí iṣẹ́ máa lọ, kí o máa ta wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ márùn-ún, tábìlì méjì, kí o dìde ní ọjọ́ tí o bá pàdánù owó ìjókòó mẹ́ta, kí o lo wákàtí kan yẹ ọwọ́ tí o tà wò fún gbogbo wákàtí mẹ́ta tí o bá ta. Bí ojú owó rẹ bá dé dọ́là 1,000, bọ́ sí sẹ́ǹtì 10 àti 25. Bó bá já sí 700, padà sísàlẹ̀ láì bínú. Bí ọwọ́ rẹ bá dé 200,000, tí tábìlì nìkan, láì ka ìdíje, ti san ju owó oṣù rẹ lọ tí a bá ro oṣù 12 tẹ̀ léra pọ̀, tí oúnjẹ ọdún kan sì wà ní ọ̀tọ̀, a ní ohun tí a lè jókòó sọ. Nígbà yẹn náà, bí ọ́fíìsì rẹ bá ń fún èèyàn ní ìsinmi láìgbowó, èyí ni kí o kọ́kọ́ bèèrè.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, yọ dọ́là 500 kúrò lórí ibùdó kí o fi san kọ́párétíìfù tàbí kí o tọ́jú rẹ̀. 310 tó kù jẹ́ owó ìjókòó 31, ó tó ọ ní ìpele tí o wà. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, tábìlì ní ojú ewé ọ̀tún, ìdíje ní òsì, kí ìyàwó rẹ máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù.